Áàpù ìṣàṣàrò tó fún mi ní báàjì samadhi níbi tí mo ti ń hanrun

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 23 tí mo ti ń lo áàpù ìṣàṣàrò kan, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jókòó, mo káwọ́ lé itan, mo de bẹ́líìtì wọn mọ́ iwájú orí, mo pajú dé. Ìgbà tó yá fóònù dún, mo lajú, mo rí ìràwọ̀ wúrà kan tó ń pòòyì lójú fóònù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé mo kú oríire, mo ti dé Ìpele 7, mo ti wà nínú samadhi fún ìṣẹ́jú 11 gbáko. Samadhi kẹ̀! Itọ́ ti já sí mi láyà, ọrùn ń ro mí torí ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbúrò mi sì yọjú láti yàrá kejì, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jí? Ẹ hanrun débi pé mi ò gbọ́ nǹkan tí mò ń wò mọ́."

Mi ò ní dárúkọ áàpù yìí o, kí wọ́n má lọ sọ pé mo wá ba iṣẹ́ wọn jẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ti ń wá ìṣàṣàrò kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì á mọ irú ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sanwó, nǹkan mẹ́ta ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́: áàpù fúnra ẹ̀, bẹ́líìtì orí tí wọ́n ní ó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, àti kíláàsì orí Zoom lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ tó jẹ́ èèyàn gidi. Ìlérí wọn ni pé láàárín ọjọ́ 30, ẹni tí ò ṣe ìṣàṣàrò rí á gbéra láti Ìpele 1, á dé Ìpele 7 níbi tí samadhi wà, tí í ṣe ibi gíga jù lọ tí ọkàn èèyàn lè dé nínú yóògà. Ọjọ́ 30! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn tóbi ju ẹnu lọ, mo mọ̀ ọ́n kí n tó sanwó, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ọkàn èèyàn ò bá balẹ̀, tí èrò ń sáré kiri lórí bí eku inú àjà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun mọ ibi ìsinmi, èèyàn á kàn tẹ̀lé e ni.

Kí n má di abaramóorejẹ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáa. Agogo wọn ni mo fẹ́ràn jù, ó máa ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn ẹ̀ á wá máa rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn ò fi ní mọ ìgbà tó dákẹ́, mo máa ń fetí tẹ̀lé e lọ títí á fi parẹ́, ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ fún mi. Wọ́n tún kọ́ mi ní ìjókòó. Èmi tí mo ti rò pé dandan ni kéèyàn ká ẹsẹ̀ lé ara wọn bíi ti inú àwòrán, tí ẹsẹ̀ mi máa ń kú tí mi ò ní lè dìde, ohùn inú áàpù ló sọ fún mi pé gbogbo ohun tí Patanjali, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, béèrè nípa ìjókòó nínú Yoga Sutra, ìwé ẹ̀ lórí yóògà, ò ju nǹkan méjì lọ, kó dúró ṣinṣin, kó sì tuni lára. Ó tán. Kò dárúkọ ẹsẹ̀ kíká níbẹ̀. Mo bá gbé àga, mo jókòó, mo na ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí láti 1 dé 10, tí mo bá ti ṣìkà mo padà sí 1. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ mi ò kọjá 4. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ dán an wò.

Ibi tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí ni ìpele méje wọn. Wọ́n to nǹkan lé ara wọn bí àtẹ̀gùn: ìdákẹ́jẹ́ ni 1, ìfọkànsí ni 2, jhana ni 3, turiya ni 4, ayọ̀ ni 5, ohun kan tí wọ́n ń pè ní ọkàn àgbáyé ni 6, samadhi ni 7. Ẹni tí ò bá gbọ́ àwọn orúkọ yẹn rí á gbà pé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá, pé àgbàlagbà kan ló jókòó tó ka gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jhana, ìyẹn ipò tí ọkàn ti rì sínú ìfọkànsí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Buddha lẹ́ ẹ ti máa bá a. Turiya, inú Mandukya Upanishad, ìwé mímọ́ Híńdù àtijọ́ kan, ló wà. Samadhi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yìí, ti Patanjali ni (àwọn ẹlẹ́sìn Buddha náà ń lo ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń pè kì í fìgbà gbogbo bá ti Patanjali mu). Onílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n jọ ń bára wọn jiyàn láti ayébáyé, áàpù wá kó gbogbo wọn sínú ilé kan, ó fún wọn ní nọ́ńbà yàrá.

Torí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí, nǹkan tí mo bá ti sanwó fún mo gbọ́dọ̀ mọ ìdí ẹ̀, mo lọ ń kà á. Ibí yìí ló wá dùn.

Yoga Sutra ò gùn, gbólóhùn kéékèèké 195 tàbí 196 ni, ó dá lórí ẹ̀dà tó bá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ka mẹ́jọ ni Patanjali pín ọ̀nà ẹ̀ sí: ìkóra-ẹni-níjàánu, ìwà tó yẹ kéèyàn máa hù, ìjókòó, èémí, pípe ojú àti etí kúrò lóde, lẹ́yìn náà ló wá kan àwọn mẹ́ta ìgbẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní dharana, dhyana àti samadhi. Dharana ni kéèyàn so ọkàn mọ́ ojú kan. Tí ọkàn bá wá ń ṣàn lọ síbẹ̀ láìjá, bí ẹni ń da epo láti inú ìgò kan sínú òmíì, ìyẹn ti di dhyana. Samadhi ni ìgbà tí ẹni tó ń ṣe é gbàgbé ara ẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ ohun tó ń wò nìkan ló kù tó ń tàn. Ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ o, ohun kan náà ni tó ń jinlẹ̀ sí i.

Àmọ́ ìgbà tí áàpù bá ti dé ibẹ̀, ó ti ìwé pa, ó fún yín ní wúrà. Patanjali ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ọwọ́ sókè ni. Samadhi fúnra ẹ̀ ní ìpele nínú lọ́dọ̀ ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ọkàn ṣì dì mọ́ nǹkan: nǹkan tó ṣeé rí tó ṣeé fọwọ́ kàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nǹkan tó fẹ́lẹ́ tí ojú ò rí, ó kan ayọ̀, ó wá ku kìkì ìmọ̀lára pé "mo wà". Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí ọkàn ò dì mọ́ ohunkóhun mọ́, tó jẹ́ pé àpá ohun àtẹ̀yìnwá nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ẹ̀. Èyí tó ní irúgbìn tí èrò ṣì lè hù jáde látinú ẹ̀ wà, èyí tí ò ní irúgbìn wà. Ó tún wá dárúkọ èyí tó ń pè ní dharmamegha ní apá ìparí, kó tó kan kaivalya tí í ṣe òmìnira pátápátá. Àwọn àgbà sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àwọn aláàpù yìí ka èje, wọ́n rò pé ó ti tán.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ wà ní orí kìíní ìwé yẹn, níbi tí Patanjali ti ka ìgbòkègbodò ọkàn tí yóògà wá mú kó dákẹ́. Márùn-ún ni: ìmọ̀ tó tọ́, ìmọ̀ tó ṣìnà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí ò ní ohun tó dúró fún, oorun, àti ìrántí. Ẹ ti rí i? Oorun! Ó ka oorun mọ́ ohun tó yẹ kó dákẹ́ kéèyàn tó máa sọ̀rọ̀ samadhi rárá. Ọkùnrin náà mọ̀ pé a máa wá.

Àwọn ti Buddha náà ò gbàgbé. Wọ́n ní ìdènà márùn-ún ló wà lẹ́nu ọ̀nà kéèyàn tó wọ jhana àkọ́kọ́, ìkan nínú ẹ̀ ni ara wíwúwo àti òògbé. Jhana tí áàpù fi sí Ìpele 3 yẹn, mẹ́rin ni lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Nínú èyí àkọ́kọ́ èrò ṣì wà, ayọ̀ sì wà. Nínú ìkejì èrò ti dákẹ́. Nínú ìkẹta ayọ̀ tó ń ru èèyàn sókè yẹn ti rọlẹ̀, ó ku ìtura. Nínú ìkẹrin, ìtura náà ti lọ, ìrora ti lọ, ó ku ọkàn tó dọ́gba tó sì wà lójúfò. Lókè ìyẹn mẹ́rin mìíràn ṣì wà tí ò ní àwọ̀ tí ò ní àwòrán: òfurufú tí ò lópin, ìmọ̀ tí ò lópin, ibi tí nǹkan kan ò sí, àti ibi tí èèyàn ò lè sọ pé òun ń mọ nǹkan tàbí òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí o. Ìtàn Buddha sọ pé kó tó di Buddha, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alara Kalama, ó dé ibi tí nǹkan kan ò sí, ọ̀gá ẹ̀ ní kó wá kí àwọn jọ máa ṣe olórí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́. Kò gbà. Ó lọ sọ́dọ̀ Uddaka Ramaputta, ó dé èyí tó ga ju ìyẹn lọ, wọ́n tún fi ipò lọ̀ ọ́, kò gbà, ó ní èyí kọ́ lòún ń wá, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Báàjì méjèèjì tó ga jù lọ láyé ìgbà yẹn, wọ́n gbé e fún un, ó dá a padà! Èmi, wọ́n fún mi ní tèmi níbi tí mo ti ń hanrun, kódà ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tí wọ́n kọ "Fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ" sí kí àbúrò mi tó yọjú.

Turiya ló bí mi nínú jù, kí n sòótọ́. Mandukya Upanishad kúrú gan-an, ẹsẹ 12 péré. Ó ní jíjí wà, àlá wà, oorun ìjìkà wà tí èèyàn ò lá àlá kankan tí kò sì fẹ́ nǹkan kan, ìkẹrin wá wà. Ìkẹrin yẹn ni turiya, ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an ni "ìkẹrin", torí pé wọn ò rí orúkọ tó lè gbà á, gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ "kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn". Àmọ́ bí àwọn Advaita, ìyẹn àwọn Híńdù tó gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan, ṣe ń túmọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gùn dé lẹ́yìn mẹ́ta yòókù o, òun ló wà nínú jíjí, òun ló wà nínú àlá, òun náà ló wà nínú oorun. Kí áàpù wá sọ pé Ìpele 4 ni, ó dà bíi kéèyàn ka ilẹ̀ tí ilé dúró lé mọ́ àjà ilé. Gaudapada tó ṣàlàyé Upanishad yẹn tilẹ̀ sọ ibi tí oorun ìjìkà àti turiya ti jọra, pé nínú méjèèjì, èèyàn ò rí "èmi" àti "ìwọ" mọ́, ohun tó pín wọn níyà ni pé irúgbìn oorun ṣì wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú ìkejì. Ó tún gbà wá nímọ̀ràn pé tí ọkàn bá ń rì lọ sínú òògbé ká jí i, tó bá ń ta kiri ká mú un rọlẹ̀. Ẹnì kan tó gbé ayé láti ọjọ́ pípẹ́ báyìí ti mọ ìṣòro mi, ó sì ti sọ ohun tí mo máa ṣe, láì de bẹ́líìtì kankan mọ́ mi lórí.

Ramana Maharshi, àgbà olùkọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kan ní gúúsù Íńdíà, náà sọ tiẹ̀. Ọkùnrin yìí, ọdún 1896 ni ìbẹ̀rù ikú ṣàdédé mú un nílé ẹbí ẹ̀ ní Madurai, ọmọ ọdún 16 ni, ó sùn gbalaja bí òkú kó lè mọ ẹni tó ń kú gan-an, kò pẹ́ sígbà yẹn ló gba Tiruvannamalai lọ lẹ́sẹ̀ òkè Arunachala, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 1950. Àlàyé ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lèmi gbádùn jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ó ní nínú oorun, ọkàn ṣì wà láàyè, àmọ́ inú àìmọ̀kan ló rì sí. Nínú samadhi kan tí wọ́n ń pè ní kevala, ọkàn ṣì wà láàyè náà, inú ìmọ́lẹ̀ ló rì sí, ó dà bí korobá tí wọ́n jù sínú kànga pẹ̀lú okùn lọ́rùn, tí wọ́n bá fa okùn á jáde. Èyí tó wá ń jẹ́ sahaja, ó dà bí odò tó ti ṣàn wọ òkun, ta ló fẹ́ fà á jáde? Ẹni tó wà ní sahaja á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò nílò kó pajú dé kó tó wà níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí bẹ́líìtì. Kí ló dé tó fi ṣìnà tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń kà ni ìgbì iná tó ń jáde láti ọpọlọ, wọ́n ń pè é ní EEG. Hans Berger ló kọ́kọ́ tẹ àbájáde ti ọpọlọ èèyàn jáde, ní Jámánì, ọdún 1929. Ìgbì tí wọ́n ń pè ní alpha máa ń lọ bí 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé èèyàn kàn nílò láti pajú dé ni, alpha á ga sókè. Ẹ pajú dé lásán báyìí, ẹ ti gba máàkì. Èyí tó lọ́ra ju ìyẹn, láti 4 sí 8, ni wọ́n ń pè ní theta, áàpù yìí sì gbà pé bí theta bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ni èèyàn ń jinlẹ̀ sí i. Lóòótọ́, wọ́n máa ń rí theta lára àwọn tó ń ṣe ìṣàṣàrò. Wọ́n tún máa ń rí i lára ẹni tó ń tòògbé! Bẹ́líìtì tó ní ibi ìkàwé díẹ̀ níwájú orí, kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ó kàn rí i pé nǹkan lọ́ra, ó ní ọ̀gá ti dé.

Ẹ wá wò ó, ní 2004 àwọn olùwádìí ní University of Wisconsin, Richard Davidson wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn 8 tó ti pẹ́ nínú ìṣàṣàrò ti Tibet, àwọn tí wákàtí tí wọ́n ti fi jókòó jẹ́ láti 10,000 sí 50,000. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu lára àwọn yẹn kì í ṣe ìgbì tó lọ́ra o, gamma ni, èyí tó ń yára jù. Èmi jókòó ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́. Mo ṣírò ẹ̀: kí n tó pé wákàtí 10,000 á gbà mí ní ọdún 54 àti nǹkan díẹ̀, láì fo ọjọ́ kan. Wọ́n ní ọjọ́ 30.

Kí n tó gbàgbé, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọjọ́ 12. Mò ń ka èémí lọ, mo dé 7, ni kíkà yẹn bá dúró. Kì í ṣe pé mo gbàgbé nọ́ńbà tó kàn, kò kàn sí ẹni tó ń kà á mọ́ ni. Èémí ń wọlé, ó ń jáde, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń mì fúnra ẹ̀. Mò ń gbọ́ gbogbo ariwo ìta kedere, kódà ó ṣe kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí ìkankan nínú ẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Bóyá kò ju èémí márùn-ún lọ tí mo fi ronú pé "háà, ó ń ṣẹlẹ̀", bó ṣe fò lọ nìyẹn. Mi ò sọ pé samadhi ni o, èmi wo, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ni. Àmọ́ gbogbo ara mi ló wà lójúfò níbẹ̀, àánú sì ń ṣe mí lórí gbogbo èèyàn láti ọjọ́ yẹn dé ọjọ́ kejì, títí kan ẹni tó máa ń bú mi níbi iṣẹ́. Mo yọ bẹ́líìtì, mo wo fóònù. 36 nínú 100. "Gbìyànjú láti fara balẹ̀ sí i." Ọjọ́ tí mo sùn, 98 ni wọ́n fún mi.

Kíláàsì orí Zoom ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, láìtan ara wa. Olùkọ́ wa nígbà náà jẹ́ èèyàn pẹ̀lẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bi í níṣojú gbogbo èèyàn, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti dé Ìpele 7?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò de bẹ́líìtì yẹn rí. Ó ní ká má máa béèrè bóyá a jìn, ká máa béèrè bóyá a jí. Ó ní tí òògbé bá ń kọ lu èèyàn kó lajú díẹ̀, kó na ẹ̀yìn, tó bá le jù kó dìde máa fẹsẹ̀ rìn ṣe ìṣàṣàrò ẹ̀, tí ò bá wá lọ náà kó lọ sùn, pé oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, ti ẹni tuntun yìí ò ju "ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti sún mọ́ ọn" lọ.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì wa tọ́rọ̀ ẹ̀ ò jẹ́ kí n lè fi gbogbo eléyìí ṣe àwàdà tán. Ó fẹ́ dé Ìpele 7 ṣáá, ló bá sọ ìdajì wákàtí di wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, òun nìkan nínú yàrá. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa pé òun ò tíì sùn láti òru mẹ́rin, pé ẹ̀rù tí ò ní ìdí ń bà òun, pé tóun bá wo ọwọ́ òun ó ń dà bí ọwọ́ ẹlòmíì. Ó ti kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kíà wọn kó tó sọ fún wa. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ọkàn ẹ̀ ló ń fọ̀ mọ́, kó máa bá a lọ, kó má jẹ́ kí ọjọ́ kan já. Ẹ̀yin èèyàn! Ohun tí wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀ ni o, ní 2017 Willoughby Britton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Brown University tẹ ìwádìí jáde lórí ìnira tí ìṣàṣàrò máa ń mú bá àwọn kan, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, àìróorunsùn wà níbẹ̀, kí ara ẹni máa dà bíi ti ẹlòmíì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó dá a dúró, kó wá dókítà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Àwa ló bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó dúró, ara ẹ̀ sì ti ń balẹ̀. Áàpù ní tiẹ̀ ń fi àmì iná ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́ pé ọjọ́ tó ti ń kà bọ̀ fẹ́ já.

Ìràwọ̀ mélòó ni mo fẹ́ fún wọn báyìí? Agogo yẹn, márùn-ún, mo ṣì ń wá ibi tí mo ti lè rí ohùn ẹ̀ nìkan. Ẹ̀kọ́ orí ìjókòó àti èémí, mẹ́rin. Kíláàsì, márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, méjì lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n yọ olùkọ́ wa. Ìpele méje wọn, odo. Bẹ́líìtì, ìkan, torí pé bátìrì ẹ̀ ń pẹ́, ó sì ń rọ́wọ́ mú tí irun bá ń dà sójú. Kọ́sítọ́mà kíà, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́. Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó rí, tó kàn ń wá ohun tó máa mú un jókòó ní ìdajì wákàtí, lè san ti oṣù kan, kó fi bẹ́líìtì sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀, kó sì bo nọ́ńbà máàkì yẹn mọ́lẹ̀, ibì kan wà nínú sẹ́tíǹsì tí wọ́n ti lè pa á, wọ́n gbé e pamọ́ dáadáa ni. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ torí turiya tàbí samadhi ló fi ń wá a, kó lọ wá èèyàn tó ti pẹ́ lórí ẹ̀ kó jókòó tì í.

Mo ti dá owó oṣooṣù dúró. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó dá mi lójú, lẹ́yìn náà wọ́n fi ímeèlì kan ránṣẹ́ tí mo ṣì tọ́jú, mo máa ń kà á sétí àbúrò mi nígbà tínú ẹ̀ ò bá dùn: "A ó mú Ìpele 7 kúrò lórí àkáǹtì rẹ. Samadhi rẹ yóò parí ní aago 12 òru ọjọ́ Sunday." Mo ti sùn kó tó di aago 12.